Ohun Tó Wà Lẹ́yìn GHz: Bí Prósẹ́sọ̀ Alágbèéká Ṣe Borí Ti Orí Tábìlì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Bí ibì kan bá wà nínú ìtàn kọ̀ǹpútà tí òwe yìí ti ṣẹ, ọ̀rọ̀ prósẹ́sọ̀ ni. Ó pẹ́ tí gbogbo ayé fi ń ra kọ̀ǹpútà pẹ̀lú nọ́ńbà kan ṣoṣo lójú: iye MHz, èyí tó di GHz nígbà tó yá. Ẹni tó ní 2.4 gbà pé òun ju ẹni tó ní 1.6 lọ, ọ̀rọ̀ sì ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2003, prósẹ́sọ̀ kan jáde fún kọ̀ǹpútà alágbèéká. Nọ́ńbà rẹ̀ kéré, iná tó ń jẹ kò tó nǹkan, síbẹ̀ ó ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn tí nọ́ńbà wọn ga jù ú lọ ń ṣe. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí àwọn àbúrò rẹ̀ fi gba àga lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá orí tábìlì.

Kí ló kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Tokunbo ni èyí tó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, ìyẹn ni pé prósẹ́sọ̀ àtijọ́ ni a ń fi owó rà lójoojúmọ́. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn wọn, nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà nìkan ni yóò máa rà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká jọ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìlù àti ijó

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí GHz jẹ́ gan-an. Ẹ fi prósẹ́sọ̀ wé oníjó tó ní onílù tirẹ̀. GHz ni iye ìgbà tí onílù náà ń lu ìlù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: 1 GHz jẹ́ bílíọ̀nù kan ìgbà. Oníjó kò lè gbésẹ̀ àyàfi tí ìlù bá dún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oníjó ló ń gbé iye ẹsẹ̀ kan náà sórí ìlù kan. Ẹlòmíràn lè gbé mẹ́ta, ẹlòmíràn kò ní gbé ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó jó jù, ẹ ní láti ka ìlù, kí ẹ sì ka ẹsẹ̀. Ìlù nìkan ni àwọn tó ń polówó ọjà kà fún wa fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí orí tábìlì jẹ́ baba

Robert Noyce àti Gordon Moore ló dá ilé-iṣẹ́ Intel sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1968. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1971, wọ́n gbé 4004 jáde. Ilé-iṣẹ́ Busicom ti orílẹ̀-èdè Japan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, fún ẹ̀rọ ìṣirò. Transistor 2,300 péré ló wà nínú rẹ̀. Ọdún 1978 ni 8086 dé pẹ̀lú transistor 29,000, ọdún kan lẹ́yìn náà ni 8088 tẹ̀lé e. 8088 yìí ni IBM fi sínú PC tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, eré rẹ̀ sì jẹ́ 4.77 MHz. Ẹ fi ọkàn sí ohun kan níbí o: ìlú Haifa, ní orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí 8088. A óò padà sí ìlú yẹn.

Láyé ìgbà náà, kò sí ohun tó ń jẹ́ prósẹ́sọ̀ alágbèéká. Nígbà tí Compaq gbé kọ̀ǹpútà tí ènìyàn lè gbé rìn jáde ní ìparí ọdún 1982, 8088 kan náà ni wọ́n fi sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn kìlógíráàmù 13, kò ní bátìrì, ẹni tó bá gbé e dé ibi tó ń lọ ní láti wá ibi tí yóò ti fi wáyà rẹ̀ bọ iná. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí wọ́n so ọwọ́ mọ́ ni.

80386 dé ní 1985 pẹ̀lú transistor 275,000. 486 dé ní 1989 pẹ̀lú mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ọdún 1990 ni Intel wá ṣe 386SL, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún kọ̀ǹpútà alágbèéká: ó mọ bí a ṣe ń sùn nígbà tí kò bá sí iṣẹ́, kí bátìrì lè pẹ́. Síbẹ̀, ọmọ 386 ti orí tábìlì ni. Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá: wọ́n á kọ́kọ́ ṣe èyí tí yóò jókòó sórí tábìlì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á dín eré rẹ̀ kù, wọ́n á dín iná rẹ̀ kù, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn onílaptop. Aṣọ àgbà tí wọ́n gé fún ọmọdé ni laptop ń wọ̀.

Eré àsápajúdé

Pentium àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹta ọdún 1993 pẹ̀lú transistor mílíọ̀nù 3.1, eré rẹ̀ sì jẹ́ 60 àti 66 MHz. Láti ibẹ̀ ni ìdíje ti gbóná. Ilé-iṣẹ́ AMD, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, ti ń bá Intel ṣe prósẹ́sọ̀ tipẹ́ nítorí pé IBM kò fẹ́ gbára lé ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí AMD gbé Athlon jáde ní 1999, ó ti kúrò ní ọmọ ẹ̀yìn, ó ti di orogún. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 2000 ni AMD kéde prósẹ́sọ̀ 1 GHz. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Intel kéde tirẹ̀.

Ó dun Intel. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n gbé Pentium 4 jáde, 1.4 àti 1.5 GHz. Gbogbo bí wọ́n ṣe ya àwòrán inú rẹ̀, kí GHz lè máa gòkè ni. Wọ́n tiẹ̀ ń sọ nígbà náà pé ìlà ìṣẹ̀dá yìí yóò gbé àwọn dé 10 GHz. Lójú ẹni tó ń ra ọjà, Intel ti borí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ń dán kọ̀ǹpútà wò gbé Pentium 4 onígìgá 1.5 sẹ́gbẹ̀ẹ́ Pentium III onígìgá 1, nínú àwọn ìdánwò kan, àgbàlagbà ló borí ọmọ tuntun.

Báwo ni èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ ká lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí.

Ẹnì kan ń bẹ ẹ̀gẹ́, ẹnì kan ń fọ̀ ọ́, ẹnì kan ń rìn ín, ẹnì kan ń tẹ omi rẹ̀ jáde, ẹnì kan ń jọ̀ ọ́, ẹnì kan ń yan án. Bí iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ṣe kéré tó ni ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe yá tó. Bí ẹ bá pín iṣẹ́ náà fún ènìyàn 20 dípò 10, ìlù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ á lè yára sí i, nítorí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe kò tó nǹkan mọ́. Ohun tí Intel ṣe nìyí. Ìlà iṣẹ́ Pentium III ní ìpele bíi 10. Ti Pentium 4 ní 20.

Ewu tó wà níbẹ̀ rèé. Prósẹ́sọ̀ kì í dúró de ìdáhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó kàn. Ó máa ń méfò ohun tí oníbàárà yóò béèrè, á sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá méfò pé gààrí ni, tó wá jẹ́ pé láfún ni oníbàárà fẹ́, gbogbo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rìn kalẹ̀ lórí ìlà náà di àdànù, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí bíbẹ. Bí ìlà bá kúrú, àdànù náà kò pọ̀. Bó bá gùn, ó pọ̀ gan-an. Ìdí nìyí tí Pentium 4 fi ní ìlù tó yá, tí ẹsẹ̀ tó ń gbé lórí ìlù kọ̀ọ̀kan sì kéré. A kò ní purọ́ mọ́ ọn: níbi iṣẹ́ tó ń tò lọ lójú kan, bíi kí ènìyàn máa yí fídíò padà láti irú kan sí òmíràn, ó ṣe dáadáa. Níbi iṣẹ́ tó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún ni ó ti ń kọsẹ̀.

AMD rí i pé GHz ti ń tan àwọn oníbàárà jẹ. Ní 2001, wọ́n yọ GHz kúrò lórí orúkọ Athlon XP. Èyí tí wọ́n pè ní 1800+, 1.53 GHz ni eré rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe, kí ẹ má wo ìlù.

Àwọn ará Haifa

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sí Haifa. Àwọn onímọ̀ Intel tó wà níbẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí prósẹ́sọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Timna, fún kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú. Ọ̀rọ̀ RAM tí wọ́n so ó mọ́ dojú rú, Intel sì fagi lé e ní ọdún 2000 kó tó dé ọjà. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún wọlẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n wá gbé lé wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn náà ni prósẹ́sọ̀ tí wọn kò ní gé láti ara aṣọ àgbà, tí wọn yóò rán fún laptop láti ìbẹ̀rẹ̀. Mooly Eden ni ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó darí iṣẹ́ náà. Wọn kò tẹ̀lé Pentium 4. Ìdílé tí Pentium III ti jáde, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Pentium Pro ti ọdún 1995, ni wọ́n padà sí. Wọ́n jẹ́ kí ìlà iṣẹ́ kúrú, wọ́n tún ọgbọ́n ìméfò rẹ̀ ṣe kó má baà máa ṣìnà, wọ́n fi cache 1 MB sínú rẹ̀ kó má baà máa sáré lọ sọ́dọ̀ RAM ní gbogbo ìgbà, wọ́n sì rí i dájú pé apá ibi tí kò bá níṣẹ́ kò ní máa jẹ iná.

Pentium M ni wọ́n sọ ọ́. Ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2003. Èyí tó ń jẹ́ 1.6 GHz, 24.5 wáàtì ni wọ́n kọ fún un. Alátakò rẹ̀ nínú ilé kan náà, Pentium 4-M, ń jẹ tó 35 wáàtì. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò, Pentium M 1.6 ń bá Pentium 4-M 2.4 dọ́gba, ó sì ń jù ú lọ níbòmíràn. Ẹ rántí pé láyé ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ kan tiẹ̀ ń fi Pentium 4 ti orí tábìlì gan-an sínú laptop kí wọ́n lè kọ GHz ńlá sára rẹ̀: kọ̀ǹpútà á gbóná bí ààrò, fáànù á máa pariwo, bátìrì á sì kú láìpẹ́.

Ohun tí ń pa Intel lẹ́rìn-ín, tó sì ń dùn ún, ni pé nọ́ńbà kékeré ti di ìṣòro fún àwọn tó ń tajà. Wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ ayé pé GHz ni agbára. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ sọ fún oníbàárà pé 1.6 yìí dára ju 2.4 yẹn lọ? Ní 2004, àwọn náà yọ GHz kúrò lórí orúkọ prósẹ́sọ̀ wọn, bí AMD ti ṣe ní 2001.

Ooru tó da eré dúró

Ohun tó pa Pentium 4 gan-an ni ooru. Ní oṣù kejì ọdún 2004, Intel gbé irú rẹ̀ tuntun jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Prescott. Ìlà iṣẹ́ rẹ̀ ti di ìpele 31. Wọ́n ti sọ transistor rẹ̀ di kékeré sí i, èyí tó yẹ kó dín iná kù, bó ti máa ń rí tẹ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Transistor ti kéré débi pé iná ń jò gba inú wọn kọjá, bí omi ṣe ń jò nínú ìkòkò tó ti la, yálà iṣẹ́ wà tàbí kò sí. Èyí tó ń jẹ́ 3.8 GHz ń jẹ 115 wáàtì. Ibẹ̀ náà ni ó ti parí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, Intel kéde pé 4 GHz tí àwọn ti ṣèlérí kò ní wáyé mọ́. Craig Barrett, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà nígbà náà, kúnlẹ̀ lórí pèpéle níwájú àwùjọ ní oṣù kan náà, ó fi àwàdà tọrọ àforíjì. Ká ní Yorùbá ni, ìdọ̀bálẹ̀ ni ì bá jẹ́.

Kì í ṣe Intel nìkan ni ooru bá fínra. Ní 2003, Steve Jobs ti Apple ṣèlérí pé PowerPC G5 yóò dé 3 GHz láàárín ọdún kan. Kò dé e. G5 gbóná débi pé Apple kò rí i fi sínú laptop rárá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, Jobs kéde pé Apple ń lọ sọ́dọ̀ Intel, ohun tó sì tẹnu mọ́ ni iye iṣẹ́ tí prósẹ́sọ̀ ń ṣe lórí wáàtì kọ̀ọ̀kan.

Láàárín àkókò yìí, àwọn kan ti ń ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ilé-iṣẹ́ ASUS ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí ènìyàn lè fi gbé Pentium M sórí bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún Pentium 4. Ọmọ laptop jókòó sórí àga orí tábìlì, kò sì tijú rárá.

Ìjókòó yí padà

Ní oṣù kìíní ọdún 2006, Core Duo jáde, prósẹ́sọ̀ alágbèéká tó ní core méjì, tó tẹ̀lé ipa Pentium M. Apple fi sínú MacBook Pro, ó sì fi sínú iMac pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ orí tábìlì ni iMac ń jókòó sí. Nígbà tó di oṣù keje ọdún yẹn, Intel gbé Core 2 Duo jáde fún orí tábìlì. Ìlà Pentium M ni wọ́n tẹ̀lé, kì í ṣe ti Pentium 4. Core 2 Duo E6600 ní 2.4 GHz, ó ń jẹ 65 wáàtì. Pentium D 960 ní 3.6 GHz, òun náà ní core méjì, àwọn kan nínú irú rẹ̀ sì ń jẹ tó 130 wáàtì. E6600 fi ẹ̀yìn Pentium D balẹ̀ níbi iṣẹ́ gbogbo, pẹ̀lú ìdajì iná.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti AMD náà, kí ìtàn má baà wọ́. Athlon 64 tí wọ́n gbé jáde ní 2003 ló mú 64-bit wọ kọ̀ǹpútà ilé irú ti Intel, Intel fúnra rẹ̀ sì gba ọ̀nà náà lò ní 2004. Ó jẹ́ nǹkan ìyàlẹ́nu pé Core Duo ti 2006, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n rẹ̀, 32-bit péré ni. Core 2 ló tún un ṣe.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa

Ó yẹ kí ìtàn yìí ti pa ẹ̀tàn nọ́ńbà. Kò pa á. Aṣọ ló pààrọ̀. Lónìí, i3, i5 àti i7 ni wọ́n fi ń polówó, àwọn ènìyàn sì gbà pé i7 ju i5 lọ níbikíbi tó bá wà. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ní 2013, i7-4500U ti laptop ní core méjì, ó ń jẹ 15 wáàtì. Ní ọdún kan náà, i5-4570 ti orí tábìlì ní core mẹ́rin, ó ń jẹ 84 wáàtì. Níbi iṣẹ́ tó wúwo, i5 yẹn yóò fi i7 yẹn sẹ́yìn pátápátá. Lẹ́tà tó wà ní ìparí ló ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: U túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe é kó máa fi iná ṣọ́ra. Èyí kò sọ ọ́ di ọjà burúkú. Ẹni tó ń gbé níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, tó jẹ́ bátìrì ló fi ń kàwé lóru, U lè jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ju 84 wáàtì lọ.

Ọjọ́ orí náà kò tó láti fi dájọ́. Atom N270 ti ọdún 2008 ní 1.6 GHz, Pentium M ti 2003 ní 1.6 GHz. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo netbook rí mọ̀ bí Atom ṣe ń fà. Pentium M tó fi ọdún márùn-ún jù ú lọ yára jù ú. Ìdí ni pé 2.5 wáàtì péré ni wọ́n fún Atom, wọ́n sì yọ ọ̀pọ̀ ọgbọ́n kúrò nínú rẹ̀ kó lè gba ibẹ̀ wọlé.

Nítorí náà, bí ẹ bá dúró níwájú ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà tokunbo, ẹ béèrè orúkọ prósẹ́sọ̀ náà délẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àti lẹ́tà tó wà ní ìparí rẹ̀. Ẹ wo ọdún tó jáde, iye core, àti iye wáàtì. Ẹ tún rántí pé Windows 10 ti kúrò ní ìtọ́jú Microsoft láti oṣù kẹwàá ọdún 2025, àti pé ní ìlànà Microsoft, Windows 11 kò gba Intel Core tí kò bá tó ìran kẹjọ, àyàfi díẹ̀. Ẹni tó ra i7 ìran kẹrin nítorí pé ó gbọ́ i7, tó fi i5 ìran kẹjọ sílẹ̀ nídìí rẹ̀, èje ló rí, kò rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà.

Àwọn ará Haifa kò ní nọ́ńbà tó ga jù lọ́dún 2003. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé: iṣẹ́ mélòó ni èyí lè ṣe, iná mélòó ni yóò fi ṣe é? Ìbéèrè kan náà ni kí àwa náà máa béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́.